Sítíárìn 504 píkọ́ọ̀pù mi fẹ́ yọ mí léjìká, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, sítíárìn ẹ̀ ò ní páwà (ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kó rọrùn láti yí) rárá, tí ẹrù bá wá kún tí mo fẹ́ yí i lọ́jà, apá mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ já (mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà o, kò yàtọ̀). Mẹkáníìkì mi ní kí n ra páwà tòkunbọ̀ tó ń lo ọ́ọ̀lì, èyí tó ní páǹpù tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, àbúrò mi ní Ṣàgámù ní oníná ló dáa torí kò ní hóòsì tó máa jò, àmọ́ ẹ̀rù bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ yìí ń bà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, èwo lẹ lò, ara ọkọ̀ wo lẹ ti yọ ọ́? Ṣé jíjó ni wọ́n jó o mọ́ra ni àbí nọ́ọ̀tì ló dì í mú? Mi ò fẹ́ kó já lọ́wọ́ mi lórí eré.