Ìwé Plato wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ girama?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde. Ọmọ ọdún 15 sí 16 ni wọ́n.

Ìwé Plato tó ń jẹ́ Crito ni ọkàn mi ń fà sí. Nínú rẹ̀, wọ́n ti dájọ́ ikú fún Socrates, olùkọ́ Plato, ní Áténì lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a lẹ́wọ̀n pé kó jẹ́ kí àwọn gbé e sá lọ, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò gbọdọ̀ tẹ òfin ìlú lójú. Ṣé ó tọ̀nà? Àwọn ọmọ á jiyàn lórí ìyẹn gan-an, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò wa ní Meno ló dára jù, níbi tí Socrates ti ń fi ìbéèrè tọ́ ọmọ ẹrú kan sọ́nà nínú ìṣirò. Ó wù mí, àmọ́ ìyókù ìwé náà le díẹ̀ fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ bá kọ́kọ́ mú? Àwọn òbí tó ń béèrè ohun tí èyí máa ṣe fún ọmọ wọn nínú ìdánwò WAEC ńkọ́, báwo ni kí n ṣe dá wọn lóhùn?