Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán

Ẹ̀gbọ́n, mo rí "ẹrẹ̀ onídọ̀tí" tí ẹ dá lábàá ká fi túmọ̀ "contaminated sediment", ìyẹn ohun tó wà nísàlẹ̀ odò Willamette ní èbúté Portland, l'Amẹ́ríkà, èyí tí ìjọba wọn kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó nílò ìtọ́jú ní kíákíá látọdún 2000. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹrẹ̀ là ń tẹ̀ lójú ọ̀nà tójò bá rọ̀. Èyí tí à ń sọ yìí, omi ló ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tómi bá tòrò ló máa kù nísàlẹ̀, a sì ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún un tipẹ́, ẹni tó bá ti yẹ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì epo pupa wò mọ̀ ọ́n.

"Onídọ̀tí" yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ìdọ̀tí ṣeé fọ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PCB tó wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọ́ìlì tiransifọ́mà kí wọ́n tó fòfin de ṣíṣe é ní 1979, kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ara gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́, kòkòrò ìsàlẹ̀ odò á gbé e mì, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i lára wọn. Ẹja salmon ń kọjá lọ ní tiẹ̀, àmọ́ bass, carp àti catfish tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní kí aboyún, ìyá ọlọ́mú àtọmọdé má jẹ ẹ́. Lamprey, ẹja tó gùn bí ejò yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún lọmọ rẹ̀ ń lò nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó tó dàgbà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àjogúnbá ni fáwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀! Oró nìyẹn o. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ májèlé, torí ó ń dún bí ohun tí ẹnì kan bù sóúnjẹ ẹlòmíì. "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ olóró" ni kí ẹ jẹ́ ká lò.

Àǹtí tó ní ká pe dredging, ìyẹn kíkó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ odò, ní "ríru ìsàlẹ̀ odò", ẹ jọ̀ọ́, ríru lohun tí wọ́n ń sá fún, torí tí wọ́n bá ru ú, oró á tún padà sómi. A ṣáà ń sọ pé wọ́n ń wa yanrìn, ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ń wa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Èyí tí wọn ò bá wà jáde, tí wọ́n kó yanrìn mímọ́ lé lórí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ètò ìtọ́jú odò náà ti ọdún 2017, "bíbò mọ́lẹ̀" ti tó o.