Báàgì ọmọ mi wúwo, ẹ̀yìn sì ń dùn ún: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Fọlá: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 9, kílò 25 ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ló ti ń ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo gbé báàgì rẹ̀ lé ìwọ̀n oníẹja àdúgbò wa: kílò 6! Èjìká kan ṣoṣo ló sì ń gbé e kọ́. Tó bá délé, á ká kò sórí àga bí ìgbín, fóònù lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ fa egungun. Mo tún rí bẹ́líìtì kan tí wọ́n ní ó ń na ẹ̀yìn ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

Mọ́mì Ìbejì: Kílò 6 kẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ tú báàgì náà. Òkúta ni mo bá nísàlẹ̀ ti Kẹ́hìndé, pẹ̀lú ìwé sáà tó kọjá.

Bàbá Àgbà: Ẹ ti kẹ́ ọmọ jù. Àwa ru igi, a ru omi, ẹ̀yìn wa ò tẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ kú àgbà, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń sáré, ẹ ń gun igi, ẹ kì í jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbá ilẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń fò ló ń mú kí egungun ki, kó sì le. Tẹn-tẹn, súwẹ̀, fífo okùn, bọ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́, ó kéré tán.

Ìyá Fọlá, ẹ fọkàn balẹ̀. Báàgì lè mú kí ẹ̀yìn dun ọmọ, àmọ́ òun kọ́ ló ń fa scoliosis, ìyẹn kí ọ̀pá ẹ̀yìn wọ́. Fún ọmọ kílò 25, kí báàgì má ju kílò 2 ààbọ̀ sí 3 àti díẹ̀ lọ. Kó fi okùn méjèèjì kọ́, kí ìwé tó wúwo jù súnmọ́ ẹ̀yìn. Láti mọ̀ bóyá ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ síwájú, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wò ó. Tí apá kan ẹ̀yìn bá yọ ga ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa egungun rẹ̀ o! Ẹ fi owó bẹ́líìtì yẹn ra okùn fífò.

Ìyá Rere: Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ni tèmi. Ọmọ ọdún 3, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ń gbé e sí oòrùn láràárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Títí bí ọdún 2, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń tẹ̀. Ní ọdún 3, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Oòrùn ń fún ara ní fítámì D, àmọ́ kálísíọ̀mù, èròjà oúnjẹ tó ń mú egungun le, ló sábà máa ń wọ́n lọ́dọ̀ wa: ògì láàárọ̀, ògì lálẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí egungun wọn rọ̀ fi hàn pé kálísíọ̀mù ṣe wọ́n lóore ju fítámì D nìkan lọ. Ẹ lọ ẹja yọ́yọ́ gbígbẹ, torí tegungun, sínú ògì rẹ̀.

Ìyá Fọlá: Ẹ ṣeun, mà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú bí ẹ ṣe wí, ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba, èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ìrora náà ńkọ́, ṣé ó ń jí i lóru?

Ìyá Fọlá: Rárá, tó bá ti ilé-ìwé dé ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ dín ẹrù náà kù fún ọ̀sẹ̀ méjì ná. Tí kò bá lọ, tó bá ń jí i lóru, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, ẹ gbé e lọ síléèwòsàn.