Táìlì ìgbàjá: ká pè é ní dígí, tánńganran, tàbí àpáàdì?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín.

Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ bèèrè ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ mọ ohun tí a máa pe ọ̀wọ́ táìlì tí wọ́n ń lẹ̀ yí ògiri adágún ká, níbi tí ojú omi ti kan ògiri; òun ni mo pè ní ìgbàjá lókè yìí, màá sì sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó dábàá "táìlì ìlà omi", ó sì pín in sí "táìlì gíláàsì" àti "táìlì amọ̀". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká fi "àpáàdì" rọ́pò "táìlì amọ̀", nítorí àpáàdì ni àwọn baba wa fi tẹ́ ilẹ̀ ní Ifẹ̀. Ẹlòmíràn ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn Yorùbá, pé ká fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lóhùn, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Táílà tó ń lẹ táìlì mọ́ adágún ní Lẹ́kí tàbí ní Ìbàdàn, Yorùbá ló fi ń bá ọmọṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bóyá orúkọ tí a bá dá yóò jẹ́ kí wọ́n ra ohun tó tọ́.

Ibẹ̀ ni "táìlì amọ̀" ti kùnà. Amọ̀ ni táìlì ògiri ilé ìdáná, amọ̀ ni táìlì ilẹ̀ pálọ̀, amọ̀ náà sì ni èyí tó le koránkorán tí omi kò rí ọ̀nà wọ̀. Ohun tó yà wọ́n ni irú amọ̀ tí wọ́n pò, bí iná tí wọ́n fi sun ún ṣe gbóná tó, àti iye omi tí ara rẹ̀ lè mu. Iye omi yìí ni ìlànà àgbáyé fún táìlì amọ̀, ISO 13006, fi pín wọn sí ìpele. Èyí tí kò mu ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Èyí tó ń mu ju ìdá 10 lọ wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ táìlì ògiri wà. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìsọ̀, dídán ni gbogbo wọn ń dán.

Ìdí tí gbogbo wọn fi ń dán yẹ kó jẹ wá lógún, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ gíláàsì náà. Awọ dídán tó wà lójú táìlì amọ̀, dígí ni. Wọ́n á lọ yanrìn àti àwọn èròjà mìíràn kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á dà á sójú amọ̀, iná á wá yọ́ ọ di dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nítorí náà, bí ẹ ra ti dígí, bí ẹ ra ti amọ̀, ojú dígí ni omi ń kàn. Òróró ara àti ìpara tí àwọn òlúwẹ̀ẹ́ fi para máa ń léfòó, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ojú méjèèjì. Bí ó bá yá, méjèèjì ṣeé nù. Ẹ̀yìn táìlì ni ìyàtọ̀ wà, níbi tí olùrà kì í wò. Orúkọ èyíkéyìí tó bá dá lórí dídán kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àṣìṣe.

Mo wá kan "àpáàdì". Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ìtàn Ifẹ̀ so ilẹ̀ alápáàdì mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, a sì ṣì ń rí àpáàdì náà títí dòní ní àwọn ibì kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n to etí rẹ̀ sókè, ó sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú amọ̀ tó jẹ́: amọ̀ ìkòkò ni, kò ní awọ dídán, ó ń mu omi. Lórí ilẹ̀ ìta, ìyẹn kò burú. Nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, irú amọ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ lò gan-an nìyẹn. Nítorí náà mo gbà pé ká jí ọ̀rọ̀ náà dìde, àmọ́ ká fi í pe amọ̀ tó ń mu omi. Táìlì ògiri ilé ìdáná tó jojú ní gbèsè, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ rírọ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní "àpáàdì adánlójú". Orúkọ náà ti sọ ohun tó wà lábẹ́ awọ.

Bí wọ́n bá lẹ àpáàdì adánlójú mọ́ ibi tí omi mọ, omi kò ní gba ojú rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ló máa gbà. Amọ̀ inú rẹ̀ yóò mu omi, yóò wú díẹ̀díẹ̀, awọ dídán tó wà lójú kò sì lè wú bá a. Ìlà wínníwínní bí òwú aláǹtakùn yóò kọ́kọ́ hàn lójú rẹ̀. Ìdọ̀tí yóò wọnú ìlà náà, yóò di dúdú tí kò ṣeé fọ̀, awọ náà yóò sì máa ṣí ní ẹyọ ẹyọ.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan púpọ̀. Ẹ sá táìlì kan sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rì í sínú omi fún wákàtí 24, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Táìlì tó jẹ́ gíráàmù 1,000 kò gbọ́dọ̀ wúwo sí i ju gíráàmù 5 lọ. Ìdánwò ilé iṣẹ́ le ju èyí lọ, nítorí wọ́n ń se táìlì nínú omi híhó tàbí kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí omi lè wọ gbogbo ihò rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó bá kùnà ìdánwò ilé ìdáná kò lè yege tiwọn. Bí òṣùwọ̀n kò bá sí nítòsí, ẹ kán omi sí ẹ̀yìn táìlì níbi tí kò dán. Bí omi náà bá wọlé lójú yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àpáàdì ni.

Èyí tó yege, a ti ní orúkọ rẹ̀ tipẹ́: tánńganran. Àwo tánńganran ni àwọn ìyá wa ń kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún àlejò, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọbẹ̀ kì í wọ inú rẹ̀. Haúsá náà ní ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí àwọn onítáìlì ń pè ní pọ́sílíìnì kò yàtọ̀ sí i. Mi ò rí ìdí tí a ó fi máa wá ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí èyí ti wà lẹ́nu àgbà.

Ní ti gíláàsì, ife tí a fi ń mu omi ló ń mú wá sọ́kàn. Ìgò ni ohun tí a ń rọ nǹkan sí. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, dígí la ń pè é. Àtakò tí ẹnì kan lè ṣe ni pé dígí ni a fi ń wojú. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé dígí fèrèsé fọ́ kó ní àìrójú-wò ló dé. Ẹ jẹ́ ká di dígí mú, ká wá pín in sí méjì, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí jáde pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ dígí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ́, àwọ̀ tó wà lóde ló wà nínú, torí inú iná ni àwọ̀ ti wọ̀ ọ́. Táìlì dígí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká pè ní "dígí aláwọ̀-àtinúwá". Èkejì jẹ́ dígí tí kò ní àwọ̀, tí wọ́n kun ọ̀dà sí lẹ́yìn: "dígí àkùnlẹ́yìn". Nínú adágún, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ àkùnlẹ́yìn kò di dígí mú, ọ̀dà ló dì mú. Bí omi bá ti rí àyè wọ ẹ̀yìn, ọ̀dà yóò bó kúrò lára dígí, yóò sì hàn láti ojú bíi làpálàpá. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ọ̀dà bá ń bọ́, kì í ṣe ti adágún.

Dígí kì í mu omi rárá, ohun tó sì mú un dára náà ló mú un ṣòro láti lẹ̀. Gọ́ọ̀mù sìmẹ́ǹtì lásán kò rí ihò kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fi di í mú. Èyí tí wọ́n pò èròjà oní-rọ́bà mọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ rà, kó sì jẹ́ funfun, torí àwọ̀ eérú sìmẹ́ǹtì yóò hàn láti ẹ̀yìn dígí. Bí wọ́n bá ti fi irin eléyín fa gọ́ọ̀mù náà, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ irin tí kò léyín tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa ka ìlà eyín irin lára ògiri títí ayé. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bo ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀yìn táìlì, ó kéré tán. Kí táílà ṣí ọ̀kan tàbí méjì wò kó tó gbẹ. Dígí kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ sórí àwọ̀n tún ní ewu tirẹ̀: àtè tó di àwọ̀n mọ́ dígí lè yọ́ nínú omi. Èyí tí wọ́n lẹ bébà sí lójú ló dára jù, torí wọ́n á bó bébà náà dànù tí iṣẹ́ bá parí. Kí wọ́n tó da omi sí i ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àpò gọ́ọ̀mù ń bèèrè ọjọ́ 21 sí 28, nítorí omi inú gọ́ọ̀mù kò rí ibi gbà jáde lára dígí. Ìkánjú onílé ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù.

Tánńganran rọrùn ju dígí lọ láti lò. Bí àṣìṣe kékeré bá wà nínú lílẹ̀ rẹ̀, ó ṣì lè dúró. Adágún òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, tánńganran ni màá ní kí wọ́n rà, àyàfi tí táílà tó ti lẹ dígí sínú omi rí bá wà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ omi gan-an yẹ kó wọ ìwé ìtọ́sọ́nà náà, kí a má kàn tú tòkè òkun. Nǹkan méjì ni ìwé ilẹ̀ òtútù máa ń bẹ̀rù: omi tó dì nínú táìlì tó sì fọ́ ọ, àti èépá funfun tí omi tó ní ẹfun máa ń fi sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò kàn wá. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ ní apá etíkun Èkó sábà máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń ní irin. Omi kíkan kì í fi èépá sílẹ̀, gíráòtì sìmẹ́ǹtì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi dí àlàfo àárín táìlì, ló máa ń jẹ, títí yóò fi di yanrìn. Irin inú rẹ̀ á sì kun gíráòtì funfun ní àwọ̀ ìpẹtà. Nítorí náà kí wọ́n di pH omi (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) mú láàárín 7.2 sí 7.8, kí wọ́n sì lo gíráòtì ìpọ́ksì, èyí tí kò ní sìmẹ́ǹtì nínú, ì báà jẹ́ dígí, ì báà jẹ́ tánńganran. Níbi tí èépá bá wà, fínígà tí wọ́n fi omi là ni kí wọ́n fi nu dígí. Òkúta tí a fi ń ha gìgísẹ̀ yóò họ ọ́.

Ó ku orúkọ ọ̀wọ́ táìlì náà. "Ìlà omi" kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí omi kì í dúró sójú kan. Oòrùn ń fà á, ọyẹ́ ń fà á, àwọn òlúwẹ̀ẹ́ ń ta á dànù. Ìdí tí táìlì náà fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 nìyẹn, tí ojú omi sì gbọ́dọ̀ wà ní àárín rẹ̀. "Etí omi" ni ibi tí ènìyàn ń dúró sí. "Bèbè" yẹ kó wà fún òkúta tó bo orí ògiri adágún. Mo ro "ọ̀já" wò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wù mí, àmọ́ àwọn táílà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, wọn yóò kà á sí ọjà. "Ìgbàjá" kò ní wàhálà yẹn, ó sì fi hàn pé ó fẹ̀, pé ó yí ara ká.

Àtakò kan ṣì wà tí mo gbà: oníṣòwò kò ní kọ "àpáàdì adánlójú" sára páálí ọjà tirẹ̀. Kò burú. Inú ìwé ìtọ́sọ́nà ni mo fẹ́ ẹ sí, níbi tí onílé yóò ti kà á kó tó lọ sọ́jà. Fún adágún tó jẹ́ mítà 10 sí mítà 5, mítà 30 ni àyíká rẹ̀, ohun tí ó máa kọ sínú ìwé ọjà sì nìyí: tánńganran ìgbàjá, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 15, ẹyọ 220, ti ìfọ́ àti gígé ti wà nínú rẹ̀. Tàbí dígí ìgbàjá aláwọ̀-àtinúwá, olójú bébà, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, abala 55, kí wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Gọ́ọ̀mù funfun oní-rọ́bà. Gíráòtì ìpọ́ksì. Àti sílíkóònù (àtè tó ń nà bíi rọ́bà) fún àlàfo tó wà láàárín ìgbàjá àti bèbè, nítorí bèbè àti ògiri kì í wú bákan náà nínú oòrùn, gíráòtì tó bá wà níbẹ̀ yóò sán.