Ọ̀gá wa ní ẹbí ni gbogbo wa níbi iṣẹ́: báwo ni mo ṣe lè sọ fún un pé ó tó?

Akọkóòdù Yábàá béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ní Yábàá, ní ìlú Èkó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn. Áàpù tí àwọn ọlọ́jà fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ni à ń ṣe. Àwa mẹ́fà péré ni a wà níbẹ̀ nígbà tí mo wọlé, ṣùgbọ́n a ti di 23 báyìí, nítorí pé àwọn olùdókòwò fi owó sí i lọ́dún tó kọjá. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn akọkóòdù, èèyàn márùn-ún sì wà lábẹ́ mi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn; iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò dín kù, orúkọ oyè nìkan ló gùn sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí olùdásílẹ̀ iléeṣẹ́ wa kì í fi sílẹ̀ lẹ́nu: "Ẹbí ni wá níbí." Ọdún mẹ́ta ni mo fi ju ọmọkùnrin náà lọ. Orúkọ ni gbogbo wa ń pe ara wa, nítorí ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ "sà" tàbí "mà" nínú ọ́fíìsì òun. Èyí dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo dé, nítorí pé ibi tí mo ti ń bọ̀, a máa ń dìde dúró bí ọ̀gá bá wọlé. Ṣùgbọ́n mo ti wá ṣàkíyèsí pé nígbà tí ayé bá ń dùn ni a jẹ́ ẹgbẹ́ ara wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lè sọ pé iṣẹ́ kan kò lè parí lọ́jọ́ tó dá, ojú ọmọkùnrin yìí á yí padà, ọ̀rọ̀ náà á sì di àrífín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní àfi kí a gbé àtúnṣe tuntun kan jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé ó ti ṣèlérí rẹ̀ fún oníbàárà ńlá kan. Mo sọ fún un pé a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní kí n má máa bẹ̀rù bí ọmọdé. Nígbà tí yóò fi di aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, áàpù náà ti ń yọ owó àwọn èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ sójú òpó WhatsApp gbogbo iléeṣẹ́ pé, "Ta ló ṣe èyí?" Gbogbo wa la rí i, kò sì sí ẹni tó lanu. Ọmọbìnrin kan tó kéré jù lára àwọn tí mo ń darí, tó ń ti Ìkòròdú wá, tó sì máa ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ kó lè dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ, ni èmi àti òun jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé fi mọ́, tí à ń dá owó padà fún àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ra ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ fún gbogbo wa, wọ́n sì ní ẹbí kì í fi ara wọn sílẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìsinmi.

Ó tún ti ṣèlérí ṣíà, ìyẹn ìpín nínú iléeṣẹ́, fún àwa tí a bá a bẹ̀rẹ̀, àmọ́ lẹ́nu lásán ni. Ìbéèrè mi ni pé, báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ kó yé e, láìjẹ́ pé mo fi oúnjẹ àwọn tó wà lábẹ́ mi wewu?

Ìyá Onílẹ́tà fèsì:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti lo gbogbo ayé iṣẹ́ mi, ní báǹkì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ méjì tó kéré bíi tiyín. Bí ó bá tún sọ fún ọ pé ẹbí ni yín, bi í léèrè ogún. Ẹbí tí mo mọ̀ ní ìpàdé, ó ní olórí, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń pín ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè yín sí yìí, iṣẹ́ oko nìkan ló wà níbẹ̀.

Lọ wá lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́, kí o sì kà á dáadáa. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, òfin kan náà yọ àwọn alákòóso àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ yín sì lè sọ pé akọkóòdù wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà náà fi ṣe pàtàkì fún irú yín ju bí ó ti ṣe pàtàkì fún awakọ̀ tàbí akọ̀wé lọ: bí wákàtí iṣẹ́, ìsinmi àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, ìwọ̀nba ni òfin yóò bá ọ sọ.

Èyí tí kò ní àwíjàre ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 mú iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, ẹ̀yin sì ti di 23. Ó kéré tán, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí wọ́n yọ nínú owó oṣù rẹ, kí iléeṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí owó náà sì jáde láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Má wo ìwé owó oṣù nìkan; wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ gan-an, nítorí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ lóṣooṣù tí kò dé ibì kankan.

Ní ti ṣíà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń gba owó òkè òkun ló forúkọ sílẹ̀ níbi méjì: ọ̀kan ní Delaware ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín, ti Delaware sì ni ó ni ti Nàìjíríà. Ṣíà ti èwo ni ó ń ṣèlérí? Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé ọdún mẹ́rin ni ó fi ń bọ́ sí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó bá lọ kí ọdún kan tó pé kò ní mú nǹkan kan. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún ọ lónìí láìjẹ́ kí kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí o wọlé, ọdún méjì ààbọ̀ rẹ ti wọmi nìyẹn.

Ará Bódìjà fèsì:

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Onílẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "Ta ló ṣe èyí?" ni èmi fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹbí ti di ẹ̀bi. Níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á kọ́ bí a ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́, ìgbà tí oníbàárà bá pariwo ni ọ̀gá yóò sì tó mọ̀. Ní ọdún 2012, John Allspaw, tó wà ní Etsy, iléeṣẹ́ ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, nígbà náà, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn: ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni yóò jókòó, tí yóò sọ ohun tó ṣe, ohun tó rí àti ohun tó rò lákòókò náà, láìbẹ̀rù pé wọn yóò fi jẹ òun níyà. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àwọn èèyàn mẹ́jọ tí mo ń darí láti Ìbàdàn. Ìpàdé kejì ni a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni gbogbo wa ń lò láti wọ ibi tí owó oníbàárà wà. Ó ti pẹ́ tí ọmọ kan ti mọ̀, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó sọ.

Ẹ rántí pé àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ àáró sí ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ẹnì kan máa ń bẹ àwọn èèyàn sí lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì fún wọn lóúnjẹ. Ìrẹsì àti adìẹ ọjọ́ Ajé yẹn, oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bẹ ọ̀wẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti di lemọ́lemọ́, àáró ni, nínú àáró ẹ̀wẹ̀, kálukú mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá sí oko tirẹ̀. Nítorí náà, kọ orúkọ ẹni tí ìṣọ́ òru kàn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tí wọ́n bá jí lóru gba ọjọ́ kan padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ sì fòfin de gbígbé àtúnṣe jáde láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

Olùdásílẹ̀ Kékeré fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, irú èmi yìí ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè. Mo ní òṣìṣẹ́ 11. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó dọ́là tí à ń san fún ibi tí áàpù wa ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù èèyàn méjì, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń pariwo ni. Mò ń sọ pé "ẹbí" nítorí pé kò sí owó tí mo lè fi sọ ọ́.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ìyá Onílẹ́tà, bí ẹ bá fi òfin bẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ yóò di. Ohun tó la ojú tèmi ni bébà kan tí ẹni tó ń darí àwọn akọkóòdù mi gbé wá bá mi ní kọ̀rọ̀, tó kọ wákàtí tí a fi tún ohun tí a fi ìkánjú ṣe ṣe sí apá kan, tó sì kọ àwọn iṣẹ́ tí wákàtí wọ̀nyẹn ìbá ti parí sí apá kejì. Kò bú mi, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní.

Ìyá Onílẹ́tà tún fèsì:

Mo gbà pé kó fi bébà bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kó wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì náà kó tó wọlé lọ bá a.

Akọkóòdù Yábàá padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ nìkan ń dún. Wákàtí 61 ni mo rí kọ sínú bébà náà láàárín oṣù méjì, ó sì wò ó pẹ́ kó tó béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó gbà pé a kò ní gbé ohunkóhun jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́, ó sì gbà kí a kọ orúkọ ìṣọ́ òru sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi fún ẹni tí wọ́n bá jí. Mo ti wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì: owó oṣù mẹ́ta kò dé ibẹ̀, mi ò sì tíì bá a sọ ìyẹn. Ní ti ṣíà, ó ní lọ́yà wọn ní Amẹ́ríkà ni yóò dáhùn, mo sì ti kọ lẹ́tà sí i láti béèrè ọjọ́ tí kíkà rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú yẹn kò wá sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní aago mẹ́wàá ni òun jí.