Ta ni kí n kọ̀wé sí nítorí àwòrán bàálù ogun yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mẹkáníìkì bàálù ni bàbá mi nínú iṣẹ́ ológun òfurufú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìròyìn tí a máa ń rà nílé kọ nípa Super Tucano, àwọn bàálù ogun 12 tí Nàìjíríà rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tí 6 àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Kánò lọ́dún 2021. Fọ́tò F-16, irú bàálù ogun mìíràn, ni wọ́n gbé síbẹ̀! Nàìjíríà kò ní F-16 kankan. Super Tucano ní abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ní imú, apá rẹ̀ sì nà gbọọrọ. F-16 kò ní abẹ̀bẹ̀ rárá, abẹ́ ikùn ni ihò tó fi ń fa afẹ́fẹ́ wà. Ọmọdé tó bá wò wọ́n pọ̀ á rí ìyàtọ̀ wọn. Ó dùn mí gan-an, torí ohun tí aráàlú bá fojú rí ni wọ́n máa gbà gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí olóòtú, mo fi fọ́tò méjèèjì sí i. Kò sí èsì. Mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù ní bàálù ogun ṣáà ni bàálù ogun. Mo rò ó pé kí n gbé e sórí Facebook, àmọ́ mi ò fẹ́ dójú ti akọ̀ròyìn náà, torí ìròyìn tó kọ péye.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìròyìn rí, ta gan-an ló yẹ kí n kọ̀wé sí kí wọ́n lè tún un ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín sílẹ̀.