Ọ̀rọ̀ asbestos bàbá ìyàwó mi: ibi tó parí sí

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ní màá padà wá ròyìn. Bàbá ìyàwó mi, tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bébà ní Jọ́jíà, Amẹ́ríkà, láti 1974, ni dókítà bá mesothelioma lára wọn, jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Eruku asbestos, ohun bí òwú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ tí iná kì í jó, ló sábà máa ń fà á téèyàn bá fà á símú.

Mo ti ń pariwo pé ilé iṣẹ́ yẹn la máa pè lẹ́jọ́. Lọ́yà ní rárá, òfin kì í sábà gbà kí òṣìṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn tó ṣe asbestos tà ni ká dojú kọ. Ti ara páìpù àti bọ́ílà la mọ̀. A ò mọ̀ pé ó wà nínú aṣọ tó nípọn tó ń gbé bébà tútù kọjá lórí ẹ̀rọ tó ń mú bébà gbẹ. Bàbá ló rántí: "Afẹ́fẹ́ la fi ń fẹ́ eruku rẹ̀ dànù." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín!

Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe é ti wọko gbèsè, ṣùgbọ́n kóòtù mú kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fáwọn aláìsàn. Méjì ti san. Iye rẹ̀? Ẹ má bi mí.

Ọjọ́ tí dókítà sọ ọ́ ni òfin ti ń ka àkókò tá a ní láti pẹjọ́ fún wa, kì í ṣe 1974. Bàbá ń sùn báyìí.